Ẹ̀gbọ́n Ṣáńpéènì: Ìtàn Wáìnì Pupa Tó Pàdánù Orúkọ Rẹ̀

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọtí ni, tí ọtí náà kò sì jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ẹ fi sùúrù bá mi kálọ. Bí a bá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ọ̀rọ̀ àti orúkọ sì ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan gbé mi dé ìlú Paris. Nígbà tí ìpàdé parí, ó ku ọjọ́ méjì kí n padà sílé. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Reims, ìlú tí wọ́n ti ń fi àwọn ọba ilẹ̀ Faransé jẹ láyé àtijọ́. Charles Kẹwàá ni wọ́n fi jẹ kẹ́yìn níbẹ̀, ní 1825. Reims àti Épernay ni ìlú ńlá méjì tí òwò ọtí fìdí múlẹ̀ sí jù lọ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Champagne. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mo sì fi ìwọ̀nba èdè Faransé tí mo gbọ́ bèèrè bóyá wọ́n ní ṣáńpéènì pupa, èyí tí kì í hó. Obìnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú padà, ó na ọwọ́ sí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé ìgò kan sílẹ̀ níwájú mi. Wáìnì pupa ni, inú ọgbà àjàrà ilẹ̀ Champagne ni wọ́n ti ká èso rẹ̀, kò sì ní ìhó kankan nínú. Ohun tí mo bèèrè gan-an ni. Ó wà, ojú mi sì rí i, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ orúkọ tí mo fi pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi kúrò ní ìlú náà. Báwo ni ohun kan ṣe lè ti inú ilẹ̀ kan hù jáde, kí òfin sì sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ilẹ̀ náà? Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ gùn, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo tọ pinpin rẹ̀. Ọtí pupa tó wà nínú ìgò yẹn ni ẹ̀gbọ́n. Ṣáńpéènì tí gbogbo ayé mọ̀ ni àbúrò. Àbúrò ló gba orúkọ ilé.

Ilẹ̀ ni Champagne, ọtí ni ṣáńpéènì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Nínú àròkọ yìí, Champagne ni mo ń pe ilẹ̀, ṣáńpéènì ni mo sì ń pe ọtí tó ń hó. Àwọn Faransé náà ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Èdè wọn ń fi akọ àti abo sí ara ọ̀rọ̀ orúkọ, ohun tí Yorùbá kì í ṣe. Bí wọ́n bá sọ pé *la Champagne*, abo ni, ilẹ̀ ni wọ́n ń wí. Bí wọ́n bá sọ pé *le champagne*, akọ ni, ọtí ni wọ́n ń wí. Inú èdè Látìnì ni orúkọ náà ti wá, láti ara *campania*, tí ó túmọ̀ sí pápá gbalasa. Pápá ló kọ́kọ́ ni orúkọ. Ohunkóhun tó bá ti inú pápá náà jáde ló ń jẹ́ ti Champagne nígbà náà, ìbáà ṣe ọtí, ọkà tàbí irun àgùntàn.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní ibi ìnáwó, ìgò èyíkéyìí tí ìdérí rẹ̀ bá ti dún gbàmù tí ìfófòó sì tú jáde, ṣáńpéènì lọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, ìbáà jẹ́ omi èso lásán tí wọ́n fi ṣúgà sí fún àwọn ọmọdé. Ìró àti ìfófòó ni orúkọ náà dúró fún létí wa. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ṣe ń rìn: ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ pápá, ó di orúkọ ọtí, ó sì parí sí orúkọ ìró.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wà lórí àga

Ilẹ̀ Champagne wà ní nǹkan bíi 150 kìlómítà sí ìhà ìlà-oòrùn Paris. Ilẹ̀ tútù ni. Bí a bá pín ooru ọdún kan dọ́gba, kò ju bíi 11 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ náà díẹ̀, funfun ni ẹ máa bá: ẹfun ni, irú èyí tó ń fa omi òjò mu tí ó sì ń fi í pamọ́ fún gbòǹgbò nígbà ọ̀dá. Oríṣi àjàrà mẹ́ta ló gbajúmọ̀ níbẹ̀. Pinot Noir àti Meunier ní èèpo dúdú, Chardonnay sì ní èèpo funfun. Omi inú Pinot Noir àti Meunier kò ní àwọ̀. Èèpo ni àwọ̀ wà. Bí a bá fún èso dúdú kíákíá tí a sì da èèpo nù, ọtí funfun la ó rí. Bí a bá jẹ́ kí omi àti èèpo jọ wà pọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọtí pupa la ó rí.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, wáìnì ilẹ̀ yìí tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Paris kì í hó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pupa rẹ̀ kò kún. Abúlé Aÿ, tó wà létí odò Marne, wà lára àwọn tí ẹnu kò sìn lára wọn. Alátakò kan ṣoṣo ló ń bẹ tó ń ba oorun àwọn ará Champagne jẹ́: Bourgogne, ilẹ̀ tó wà ní ìhà gúúsù wọn, tí oòrùn ń mú jù, tí wáìnì pupa rẹ̀ sì nípọn jù.

Ìjà àwọn méjèèjì wọ inú ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ní 1652, wọ́n gbèjà àpilẹ̀kọ kan ní Paris pé wáìnì Beaune, ní Bourgogne, ló dùn jù tó sì ṣe ara lóore jù. Àwọn oníṣègùn Reims kò gbà. Àwọn náà kọ èsì, Bourgogne tún fèsì padà, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọba gan-an bọ́ sínú rẹ̀. Wáìnì Champagne ni Louis Kẹrìnlá ti ń mu tipẹ́, ṣùgbọ́n Guy-Crescent Fagon, tó di olórí oníṣègùn rẹ̀ ní 1693, gbà á nímọ̀ràn pé kó fi í sílẹ̀, kó máa mu ti Bourgogne tó ti gbó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun kan: wáìnì tí kì í hó ni gbogbo ìjà yìí dá lé. Ẹ̀gbọ́n ló ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Àbúrò kò tíì mọ ọ̀nà dé ààfin.

Ìhó tí wọ́n kà sí àléébù

Lọ́dọ̀ wa, ìhó ni ẹlẹ́mu fi ń mọ ẹmu tuntun. Ẹmu tí ìfófòó rẹ̀ ń gun etí igbá, ti àárọ̀ yìí ni. Èyí tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ti àná ni, ó ti kan. Nítorí náà, ó lè ṣòro fún Yorùbá láti gbà pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n ka ìhó ọtí sí àrùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Champagne fún ìgbà pípẹ́.

Òtútù ló fà á. Ní ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń ká àjàrà. Ìwúkàrà á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ṣúgà inú omi èso, á máa sọ ọ́ di ọtí, afẹ́fẹ́ á sì máa jáde. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kèrègbè ẹlẹ́mu wa. Ṣùgbọ́n kí ìwúkàrà tó parí iṣẹ́, òtútù á dé, á sì sùn. Àwọn ènìyàn á rò pé ó ti parí. Nígbà tí ooru bá padà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwúkàrà á jí, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọtí bá ti wà nínú ìgò nígbà náà, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè jáde. Ìdérí á fò, tàbí kí ìgò bẹ́. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ìgò kan tó bẹ́ lè fọ́ àwọn tó yí i ká. Abájọ tí àwọn kan fi ń pe irú wáìnì bẹ́ẹ̀ ní *saute-bouchon*, èyíinì ni afòdérísókè.

Gbogbo wa la ti gbọ́ pé Dom Pérignon ló dá ṣáńpéènì sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ni ọkùnrin yìí. Wọ́n bí i ní 1638, ó sì jẹ́ olùtọ́jú ọtí ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Hautvillers láti 1668 títí ó fi kú ní 1715. Iṣẹ́ rẹ̀ tó dájú ni pé ó mọ bí a ti í da èso láti oríṣiríṣi ọgbà pọ̀, ó sì mọ bí a ti í fún àjàrà dúdú kí ọtí funfun tó mọ́ lè jáde. Ní ti ìhó, àléébù ló kà á sí, ó sì sa ipá láti dènà rẹ̀. Ní 1821 ni ajẹ́jẹ̀ẹ́ mìíràn láti ilé kan náà, Dom Groussard, kọ ọ́ pé òun ló dá ọtí tó ń hó sílẹ̀. Ìtàn náà dùn mọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n sì tan án káàkiri ayé.

Àwọn tó kọ́kọ́ fẹ́ràn ìhó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn. Wọ́n ń ra wáìnì Champagne nínú àgbá, wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú ìgò ní ilẹ̀ wọn. Ìgò wọn nípọn ju ti Faransé lọ nítorí pé èédú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná yọ́ ọ. Ní 1662, Christopher Merret ka ìwé kan ní iwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, ó sì sọ níbẹ̀ pé àwọn oníṣòwò wáìnì ti ń da ṣúgà sínú oríṣiríṣi wáìnì kí ó lè máa hó. Ọdún mẹ́fà rèé kí Pérignon tó dé Hautvillers.

Bí àbúrò ṣe gba ilé

Lẹ́yìn ikú Louis Kẹrìnlá ní 1715, Philippe d'Orléans di adelé ọba. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn ọtí tó ń hó, àwọn ọlọ́lá sì ń fara wé wọn. Ní 1728, Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kó wáìnì Champagne rìnrìn àjò nínú ìgò. Ṣáájú ìgbà náà, inú àgbá ni òfin sọ pé kí wọ́n máa kó o, ìhó kò sì lè dúró nínú àgbá. Ní 1729 ni ilé iṣẹ́ Ruinart bẹ̀rẹ̀, ti Moët sì tẹ̀lé e ní 1743.

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò tíì kú. Ní 1816, nígbà tí André Jullien tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí àwọn ọgbà àjàrà ayé, ó fi wáìnì pupa Bouzy àti Verzenay sí ipò gíga láàrin ti Champagne. Ọtí tó ń hó ṣì jẹ́ ìwọ̀nba nígbà náà. Ó gbówó lórí, ìgò rẹ̀ ń bẹ́, àwọn olówó nìkan ló sì ń mu ún.

Ohun méjì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Èkíní ni ọgbọ́n iṣẹ́. Ní ilé iṣẹ́ opó tí ń jẹ́ Barbe-Nicole Clicquot, wọ́n rí ọ̀nà láti dojú ìgò kodò sínú pákó tí wọ́n dá ihò sí, kí wọ́n máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ sí ọrùn ìgò, kí wọ́n sì yọ ọ́ dànù. Ọtí tó ń hó wá mọ́ gaara, ó sì ṣeé ṣe ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Èkejì ni rélùwéè. Ní 1849, ojú irin láti Paris dé Épernay. Láàrin ọdún díẹ̀, ojú irin mìíràn so Paris pọ̀ mọ́ gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín, tí wáìnì pupa sì pọ̀ bí omi. Wáìnì gúúsù pupa ju ti Champagne lọ, ó sì pọ́ọ́kú. Kí ni àgbẹ̀ Bouzy fẹ́ fi bá a díje? Èso àjàrà kan náà, tí ó bá di wáìnì pupa, kò ní pa owó púpọ̀. Tí ó bá di ọtí tó ń hó, àwọn olówó Rọ́ṣíà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń dúró dè é. Àgbẹ̀ kò ṣe àṣìṣe. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Òfin dé, orúkọ lọ

Nígbà tí orúkọ bá ti di owó, olè á dé sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò kan ń ra àjàrà olówó pọ́ọ́kú láti ibòmíràn, wọ́n ń sọ ọ́ di ọtí tó ń hó, wọ́n sì ń tà á ní orúkọ Champagne. Ìkórè 1910 burú jáì fún àwọn àgbẹ̀, ìyà sì jẹ wọ́n. Ní 1911, ìbínú wọn bú jáde. Wọ́n da wáìnì sílẹ̀, wọ́n fọ́ ilé iṣẹ́, wọ́n sì dáná sun ilé ní Aÿ ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ìjọba kó sójà wọ ìgboro. Ní ìhà gúúsù, ní Aube, àwọn àgbẹ̀ ń fẹ̀hónú hàn fún ìdí mìíràn: ààlà tí ìjọba fà ní 1908 ti yọ wọ́n kúrò nínú Champagne. Ọ̀rọ̀ ta ni ó lè jẹ́ orúkọ àti ta ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun abẹ́lé. Òfin 1927 ló wá fa ààlà tó dá Aube padà sínú ilé.

Nínú àwọn òfin tó dáàbò bo orúkọ náà ni ẹ̀gbọ́n ti pàdánù tirẹ̀. Orúkọ Champagne lórí ìgò di ti ọtí tó ń hó nìkan. Ẹ wá wo ohun tí ojú wáìnì tí kì í hó rí. Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní wáìnì tó ṣẹ̀ wá láti ọgbà àjàrà Champagne. Nígbà tó yá, wọ́n pè é ní *vin nature de la Champagne*, wáìnì Champagne bí a ṣe dá a. Ní 1974, wọ́n tún sọ ọ́ lórúkọ tuntun: *Coteaux Champenois*, àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ilẹ̀ Champagne. Orúkọ yìí ló ń jẹ́ títí di òní. Wáìnì aláwọ̀ osùn kan tí kì í hó, tó wá láti Les Riceys ní Aube, ti gba orúkọ tirẹ̀ ní 1947. Ẹni tó ti wà nílé kí àlejò tó dé ló ń pààrọ̀ orúkọ kiri bí ayálégbé.

Mo tọ́ ọ wò

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Bouzy. Abúlé kékeré ni, ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní Montagne de Reims, ó kọjú sí gúúsù kí oòrùn lè bà á dáadáa. Ambonnay ni aládùúgbò rẹ̀. Bàbá kan tó ti lé ní 70 ọdún ló gbà mí lálejò nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹfun ni ògiri rẹ̀, òtútù ibẹ̀ sì wọ mí légungun.

Ó kọ́kọ́ rọ wáìnì pupa ọdún 2013 fún mi. Ọdún òtútù ni, ìkórè pẹ́ títí ó fi wọ oṣù kẹwàá. Àwọ̀ ọtí náà dà bí omi ìsápá tí a bu omi lé. Mo tọ́ ọ wò, ó kan mí lẹ́nu bí ìyeyè tí kò tíì pọ́n tán. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò dúró lẹ́nu. Ẹ má bínú, n kò ní parọ́ fún yín: mo lóye ohun tí Fagon sọ fún ọba rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rọ ti 2018. Ní ọdún náà, oòrùn mú, inú oṣù kẹjọ ni ìkórè ti bẹ̀rẹ̀. Ọtọ̀ ni eléyìí. Òórùn rẹ̀ dà bí ti èso pupa tó pọ́n, ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kan díẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tó dùn ṣe ń kan. Ó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ̀ díẹ̀ bí obì tútù, lẹ́yìn náà ni adùn tẹ̀lé e, bí omi ṣe ń dùn lẹ́nu ẹni tó jẹ orógbó. Mo gbé e mì, mi ò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá náà wò mí, ó ní baba bàbá òun ló gbin apá kan ọgbà yẹn, àti pé ọtí tí wọ́n ń mu nílé lọ́jọ́ ọdún nìyí, ṣáńpéènì ni wọ́n ń tà.

Èkẹta yà mí lẹ́nu jù. Ṣáńpéènì aláwọ̀ osùn ni, ó ń hó wìtìwìtì. Bàbá náà ṣàlàyé pé wáìnì pupa Bouzy, bí èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu, ni wọ́n dà sínú ti funfun kí ó tó ní àwọ̀ yẹn. Bíi ìdá 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ Clicquot sọ pé láti 1818 ni opó náà ti ń ṣe é, wáìnì pupa Bouzy ló sì lò. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀gbọ́n kò kúrò nínú ilé rí. Inú àbúrò ló fara pamọ́ sí. Òun ló ni àwọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń yin àbúrò.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ń ṣe wáìnì pupa púpọ̀ sí i. Ó ní fún ṣáńpéènì, ó dára kí èso ṣì kan díẹ̀, ẹ̀ka kan sì lè so púpọ̀. Fún pupa, èso gbọ́dọ̀ pọ́n dénú, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ lórí igi. Ìgò díẹ̀ ni yóò tinú rẹ̀ jáde, ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ sì kéré. Ní 2023, bíi 299 mílíọ̀nù ìgò ṣáńpéènì ni wọ́n kó jáde fún títà láti ilẹ̀ yìí. Ti Coteaux Champenois kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ooru ń pọ̀ sí i. Ìkórè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ní 2003, ó tún rí bẹ́ẹ̀ ní 2018, 2020 àti 2022, ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé ìparí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ooru yìí ń kó ìdààmú bá ẹni tó ń ṣe ṣáńpéènì, nítorí kíkan ni ẹ̀mí ṣáńpéènì. Àmọ́ ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún pupa. Ilé iṣẹ́ Bollinger ti ń ṣe pupa tirẹ̀ ní Aÿ tipẹ́, tí wọ́n ń pè ní La Côte aux Enfants. Louis Roederer náà ṣe pupa láti Mareuil-sur-Aÿ nínú èso 2018. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tún ti ń rántí ẹ̀gbọ́n.

Ulé àti ilé

Kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú èyí? Ó kàn mí gidigidi. Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi àgbà. *Ulé* ló ń pe ohun tí ẹ̀yin ń pè ní *ilé*. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sọ *ulé* ní kíláàsì. Tíṣà nà mí lọ́rẹ́ mẹ́ta, ó ní kí n lọ kọ́ Yorùbá. Mo sunkún délé, mo sì sọ fún ìyá mi àgbà pé ohun tó ń sọ kì í ṣe Yorùbá. N kò gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Ó di ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀, nídìí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, pé àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí ìbátan àwọn ẹ̀ka-èdè wa gbà pé fáwẹ̀lì *u* tó bẹ̀rẹ̀ *ulé* ló dàgbà jù, pé *i* inú *ilé* ni ìyípadà tó dé lẹ́yìn. Ìyá mi àgbà ló di ohun àtijọ́ mú. Orúkọ *Yorùbá* fúnra rẹ̀, Ọ̀yọ́ ni àwọn Haúsá kọ́kọ́ fi ń pè, kí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀ ẹ́ lójú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí ó lè gba gbogbo wa. Orúkọ Champagne sún kì títí ó fi ti ẹ̀gbọ́n síta. Orúkọ tiwa gbòòrò, síbẹ̀ nínú kíláàsì, a tún fi ti àwọn kan síta.

N kò sọ pé kí a da òfin nù. Àwọn àgbẹ̀ Champagne ì bá má jẹun bí òfin kò bá dáàbò bo orúkọ wọn, àwa náà ì bá má ní ìwé tí gbogbo wa lè jọ kà bí kò bá sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó ń lo orúkọ rántí ẹni tí orúkọ náà kọjá lára rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bàbá Bouzy ń ta àbúrò, ó sì ń fi ẹ̀gbọ́n ṣe ọdún nínú ilé rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n wà nínú ìyẹn.

Ìgò kan ni mo gbé padà sílé. N kò tíì ṣí i. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣí i, kò ní dún gbàmù, àwọn ọmọ mi á sì bi mí pé irú ọtí wo nìyí. Mo ti mọ bí màá ṣe dá wọn lóhùn. Màá kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ní ulé ìyá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n ni a kọ́kọ́ ń kí.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.